Ẹ Ka Orí Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ: Bí A Ṣe Ń Mọ Ìwọ̀n Ẹ̀rọ Ìpààrọ̀ Afẹ́fẹ́ fún Ilé Tí Omi Wọ̀

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ ìrànwọ́ bá àwọn ìdílé tí omíyalé lé kúrò nílé sọ ní gbọ̀ngàn ìjọ, Houston

Ó ti pẹ́ báyìí tí ìjì Harvey dé ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2017, tí òjò rọ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́rin títí omi fi wọlé bá wa. Síbẹ̀ a mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣì ń sùn ní pálọ̀ ẹbí, àwọn kan há sí yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n háyà, àwọn kan sì ti padà sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé wọn nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì wà ní ìhòòhò, tó jẹ́ pé igi ògiri nìkan ló kù níbẹ̀.

A ò pè yín láti wá tún ìtàn omi sọ. Ìbéèrè kan tí ẹ ti ń bi wá láti ìgbà tí iṣẹ́ àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀ ló mú wa jókòó lónìí. Ẹ máa ń wí pé: “Agbaṣẹ́ṣe ní kí n ra ẹ̀rọ ERV fún ilé mi. Ṣé kí n rà á? Ṣé ńlá ni kí n rà, nígbà tó jẹ́ pé omi ti wọ ilé náà?”

Ìdáhùn wa kò gùn. Omi tó wọ ilé kọ́ ni a fi ń wọn ẹ̀rọ yìí. Orí àwọn tí yóò máa sùn nínú ilé, àti bí ilẹ̀ ilé ṣe fẹ̀ tó, ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ìgbà tí ògiri bá sì ti gbẹ ni a tó ń rà á. Ẹni tó bá di èyí mú lónìí kò ní fi owó ìrànwọ́ ra wàhálà.

Kí ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe?

Ní ilé wa lọ́hùn-ún, ilé ń mí fúnra rẹ̀. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, atẹ́gùn ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ẹ mọ bí ilé bulọ́ọ̀kù ṣe ń gbẹ: a ó gbá ẹrẹ̀ jáde, a ó ṣí gbogbo fèrèsé, oòrùn yóò sì ṣe ìyókù.

Ilé Houston kò rí bẹ́ẹ̀. Igi ni egungun rẹ̀, drywall ni awọ rẹ̀, òwú wà láàárín méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Nígbà tí a bá tún un kọ́ lẹ́yìn omi, a máa ń dí gbogbo ihò àti àlàfo tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn dára fún owó iná. Ṣùgbọ́n èémí wa, òórùn ọbẹ̀, ooru omi ìwẹ̀ àti òórùn ọ̀dà tuntun kò wá rí ibi jáde mọ́.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìpààrọ̀ afẹ́fẹ́ ti wúlò. Àpótí kan ni, tó ní fáànù méjì. Ọ̀kan ń fa afẹ́fẹ́ tó ti dàgbà nínú ilé jáde, èkejì ń fa tuntun wọlé. Afẹ́fẹ́ méjèèjì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ọkàn ẹ̀rọ náà láìdàpọ̀, bí èrò tí ń bọ̀ àti èrò tí ń lọ lórí afárá kan náà. Bí wọ́n ti ń kọjá, èyí tó tutù ń gba ooru lára èyí tó gbóná.

Oríṣi méjì ló wà. HRV ń pààrọ̀ ooru nìkan. ERV ń pààrọ̀ ooru pẹ̀lú ọ̀rinrin. Bí àbúrò yín tó wà ní Kánádà bá sọ fún yín pé HRV lòun ń lò, tó sì dára, òótọ́ ló sọ, nítorí òtútù ibẹ̀ gbẹ, ọ̀rinrin inú ilé ni wọ́n sì fẹ́ kó jáde. Houston yàtọ̀. Níbí, ìta ni ọ̀rinrin pọ̀ sí ju inú ilé lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. ERV ni kí ẹ béèrè.

Kì í ṣe ẹ̀rọ tí ń gbẹ ilé

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa, kí ó má bàa di tiyín.

Ọ̀kan nínú àwọn ilé tí a kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́ jẹ́ 1,500 square feet, yàrá mẹ́ta, ìyá, bàbá àti ọmọ méjì. Àwa fúnra wa la rò pé bí ẹ̀rọ bá ṣe tóbi tó ni ilé yóò ṣe gbẹ tó. A ra èyí tó ń gbé 200 CFM, a sì ní kí wọ́n tan án sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. (CFM ni iye afẹ́fẹ́ tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan, tí a fi kúbíìkì fíìtì wọ̀n.) Nígbà tí oṣù kẹfà fi dé, bàtà inú kọ́ńbọ́ọ̀dù ti hu èébu. Omi ń kán ní ẹnu ibi tí amúlétutù ń fẹ́ sí, ọmọkùnrin wọn tó ní asthma sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lóru. Ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kun! Ìyá náà kò bá wa jà. Ó kàn bi wá pé: “Ṣé omi tún ti padà ni?”

Omi ti padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú afẹ́fẹ́ ló gbà wọlé. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ Houston bá nípọn bí ti oṣù kẹjọ, tí ẹ bá fa 100 CFM wọlé tààrà láti ìta láàárọ̀ dalẹ́, omi tó pamọ́ sínú afẹ́fẹ́ yẹn máa ń tó gálọ́ọ̀nù 12 láàárín wákàtí 24, ju iye tí inú ilé tó tutù tó sì gbẹ dáadáa lè gbà. Bí ERV bá dá ìdajì rẹ̀ padà, gálọ́ọ̀nù 6 ṣì wọlé. Ẹ̀rọ 200 CFM tiwa ń kó bíi gálọ́ọ̀nù 12 wọlé lójúmọ́. Ohun tí ilé yẹn nílò kò ju 75 CFM lọ, ìyẹn ìwọ̀nba gálọ́ọ̀nù 4 sí 5 tí amúlétutù lè rí sí.

Nítorí náà, ẹ fi í sọ́kàn: ERV ń dín ọ̀rinrin tí ń wọlé kù, kò lè fa ọ̀rinrin kúrò nínú ilé. Dehumidifier ló ń fa ọ̀rinrin. ERV wà fún mímí.

Ẹ̀kọ́ kejì nínú ọ̀ràn yẹn ni pé a kò wọn igi ògiri kí a tó bò ó. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ní ẹyín irin méjì tí a ń tẹ̀ mọ́ igi, tí yóò sọ iye omi tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kan drywall mọ́ igi tí ó bá ju ìpín 15 nínú 100 lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ìsàlẹ̀, níbi igi tó dùbúlẹ̀ lórí kọnkéré, nítorí ibẹ̀ ló ń gbẹ kẹ́yìn. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n, àtẹ́lẹwọ́ kò sì lè mọ̀ ọ́n.

Ìṣirò tí ẹ lè ṣe lórí fóònù

Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà ń lò ni ASHRAE 62.2. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Nǹkan méjì lẹ ó mọ̀: iye square feet ilé yín, tó wà nínú ìwé ilé, àti iye yàrá ìbùsùn.

Àkọ́kọ́, ẹ fi 0.03 lu square feet.
Èkejì, ẹ fi ọ̀kan kún iye yàrá, kí ẹ fi 7.5 lu àpapọ̀ rẹ̀.
Ẹ̀kẹta, ẹ ro méjèèjì pọ̀. Ohun tí ẹ bá rí ni CFM tí ilé yín nílò.

Ilé 1,800 square feet, yàrá mẹ́ta: 1,800 lọ́nà 0.03 jẹ́ 54. Yàrá mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀kan jẹ́ 4. 4 lọ́nà 7.5 jẹ́ 30. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 84 CFM.

Ilé 1,200 square feet, yàrá méjì: 36 pẹ̀lú 22.5, ó jẹ́ 58.5. Ẹ pè é ní 59 CFM.

Ẹ dúró díẹ̀ níbi “ọ̀kan” tí a fi kún yàrá yẹn. Ohun tí ìlànà náà ń rò ni pé ẹni méjì ń sùn nínú yàrá tó tóbi jù, ẹnì kan sì ń sùn nínú yàrá kọ̀ọ̀kan tó kù. Ilé yàrá mẹ́ta, ènìyàn mẹ́rin. Ta ló ń gbé bẹ́ẹ̀ nínú wa? Màmá ti wá láti Abẹ́òkúta láti wá tọ́jú ọmọ, ó sì ti di ọdún méjì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ń lọ sí yunifásítì láti ilé yín. Lẹ́yìn Harvey, ìdílé mìíràn tún wà nínú yàrá àlejò. Ìlànà náà fúnra rẹ̀ sọ pé bí àwọn tí ń gbé ilé bá ju iye yẹn lọ, kí a fi 7.5 kún un fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó lé.

Bí ẹni méje bá ń gbé inú ilé 1,800 square feet oníyàrá mẹ́ta yẹn, ẹni mẹ́ta ló lé. Mẹ́ta lọ́nà 7.5 jẹ́ 22.5. Ẹ fi kún 84, ó di 106.5, ìyẹn 107 CFM.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá béèrè pé ẹni mélòó ló ń gbé nílé, ẹ sọ òótọ́. A mọ ìdí tí àwọn kan fi ń fi ènìyàn pamọ́, ẹ̀rù onílé tàbí ẹ̀rù ìwé ló ń bà wọ́n. Àwa kì í kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìṣirò yìí, iye orí nìkan la fẹ́. Àwọn tó sùn nílé ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ kà, kì í ṣe àwọn tó wà nínú ìwé háyà.

Àwọn kan máa sọ pé agbaṣẹ́ṣe méjì fún àwọn ní iye méjì fún ilé kan náà. Ó lè jẹ́ pé kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Òfin ìkọ́lé fún ilé gbígbé ń lo 0.01 dípò 0.03, tí ìyókù ìṣirò sì jẹ́ bákan náà. Ilé 1,800 yẹn á wá jẹ́ 18 pẹ̀lú 30, ìyẹn 48 CFM. Iye tí òfin kò gbà kí ẹ lọ sí abẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ lè ra ẹ̀rọ tó lè ṣe 84, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n tó kéré sí i nígbà tí ìta bá rin jù. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dárúkọ 200 fún irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí ó kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Bí kò bá lè kọ ọ́, ẹ má sanwó.

Nǹkan kan tún wà tó lè dín iye yín kù. Bí wọ́n bá gbé fáànù ńlá sẹ́nu ọ̀nà láti wọn bí ilé ṣe ń jò tó, ìlànà náà gbà kí a yọ díẹ̀ kúrò fún afẹ́fẹ́ tí ń gba àlàfo wọlé. Ilé àtijọ́ tó ń jò gan-an lè má tilẹ̀ nílò ERV rárá.

Iye ara páálí àti iye ẹnu páìpù

Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀rọ kì í sábà jẹ́ iye tí yóò jáde lẹ́nu páìpù nílé yín. Páìpù gígùn, kọ́nà, àti asẹ́ máa ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Nínú ìwé ẹ̀rọ tí HVI ti wọ̀n, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “net supply airflow” sí, kí ẹ ka iye tó wà níwájú 0.4. Òun ló súnmọ́ òótọ́ jù. Bí 0.4 bá fún yín ní 84 tàbí díẹ̀ lé e, tí ohun tí ẹ nílò sì jẹ́ 84, ó tó.

Ẹ yan èyí tó lè ṣe iye yín láì sáré dé òpin agbára rẹ̀. Ariwo rẹ̀ á kéré, ẹ ó sì lè gbé e sókè lọ́jọ́ tí àlejò bá kún ilé. Bí ẹ bá ti ra èyí tó tóbi jù, ẹ má jù ú nù. Ẹ fi táímà sí i. Ẹ̀rọ 150 CFM tí ilé rẹ̀ nílò 84 lè ṣiṣẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú 34 nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ó sinmi ìyókù. Ohun tí a ṣe sí ilé àkọ́kọ́ yẹn nìyí: a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 75, a gbé dehumidifier wọ̀ ọ́, a sì tún ògiri méjì ṣí kí igi wọn gbẹ. Ọmọ náà ti ń sùn dáadáa báyìí.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti so ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wọn afẹ́fẹ́ tí ń wọlé àti èyí tí ń jáde níwájú yín. Kí méjèèjì má fi ju ìpín 10 nínú 100 lọ ju ara wọn lọ. Bí èyí tí ń jáde bá pọ̀ jù, ilé yóò máa fa afẹ́fẹ́ rírin ìta gba inú ògiri wọlé, ibẹ̀ gan-an sì ni a kò fẹ́ kí omi padà sí.

Ibi tí ẹ ó gbé e sí

Ẹ gbé e sókè ju ibi tí omi dé lọ. Ẹ wo àmì omi Harvey lára ògiri yín, àmọ́ ẹ béèrè ìwọ̀n gíga tí ìjọba ìbílẹ̀ yín ń fẹ́ pẹ̀lú. Ẹnu tí ń fa afẹ́fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ jìnnà ní ó kéré tán 10 fíìtì sí ibi tí èéfín ọkọ̀, afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ ìgbaṣọ, tàbí páìpù ṣáláńgá ń gbà jáde. Bí iná bá lọ tí ẹ tan jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé e jìnnà réré sí ilé, ó kéré tán 20 fíìtì sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹ má sì dojú èéfín rẹ̀ kọ ẹnu ẹ̀rọ yìí. Èéfín yẹn kò ní òórùn tó ń kìlọ̀ fúnni, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n so fáànù orí ààrò mọ́ ERV. Epo dídín dòdò àti àkàrà yóò dí ọkàn ẹ̀rọ náà. Ilé ìdáná gbọ́dọ̀ ní fáànù tirẹ̀ tó ń fẹ́ síta, tó lè gbé 100 CFM nígbà tí a bá tàn án.

Ètò ìnáwó

Bí owó kò bá tó fún gbogbo rẹ̀, ẹ tẹ̀lé e báyìí: ẹ gbẹ igi, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ dí ihò. Ẹ fi fáànù tó ń fẹ́ síta sí ilé ìdáná àti bàlùwẹ̀. Ẹ rí i pé amúlétutù yín kò tóbi ju ilé lọ, nítorí èyí tó tóbi jù máa ń tètè kú kí ó tó fa ọ̀rinrin. Ẹ ra dehumidifier. Lẹ́yìn náà ni ERV. Ẹ sì ka lẹ́tà FEMA yín dáadáa kí ẹ tó ná owó rẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n kọ pé owó náà wà fún ni ẹ gbọ́dọ̀ fi ṣe.

Ìbéèrè tí ẹ bi wá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà

Ìyá àgbà kan béèrè: “ERV wa ti wà ṣáájú omi, omi sì bò ó. Ṣé a lè fọ̀ ọ́?” Rárá o, mà. Omi àgbàrá ti wọ ọkàn rẹ̀ àti wáyà rẹ̀. Ẹ jù ú nù, pẹ̀lú páìpù onówùú tó rin. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kọ́kọ́ fún ìwé ìbéèrè owó yín.

“Ṣé a lè tan ERV nígbà tí wọ́n ń wó drywall tó hu èébu?” Ẹ má tàn án. Eruku èébu yóò wọ inú rẹ̀, á sì fọ́n ká gbogbo yàrá. Ẹ pa á, kí ẹ fi ọ̀rá dí ẹnu páìpù títí ẹ ó fi gbálẹ̀ tán.

“Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣe dáadáa?” Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́, kí ẹ gbé e sí yàrá. Bí ó bá wà láàárín 30 sí 50, ó dára. Bí ó bá kọjá 60 fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ rẹ ERV sílẹ̀, kí ẹ tan dehumidifier, kí ẹ sì pè wá. Ẹ máa yẹ asẹ́ rẹ̀ wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Bí ẹ bá fẹ́ kí a bá yín ṣe ìṣirò tiyín, ẹ mú nǹkan mẹ́ta wá sí tábìlì wa: ìwé tó sọ square feet ilé, iye yàrá, àti iye orí. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn igi wà lọ́wọ́ wa, a ó sì bá yín dé ilé láìgba kọ́bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú bo ògiri yín. A mọ bí ó ṣe ń ká yín lára láti padà sórí bẹ́ẹ̀dì yín. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a fi dúró kí igi gbẹ sàn ju kí a tún kó ẹrù jáde lẹ́ẹ̀kejì lọ.

Ilé á gbà yín, ẹ ó sì gbé ibẹ̀ pẹ́.